Abẹ́rẹ́ fún Oríkèé Wíwú: Ìfiwéra Ìgò Lúbúlúbú, Síríńjì, Pẹ́ẹ̀nì àti Pẹ́pítáìdì Ìwádìí

Ẹni tí làkúrègbé bá dè mọ́lẹ̀, tí ìka rẹ̀ kò ṣe é ká láàárọ̀, tí orúnkún rẹ̀ wú tí ó sì gbóná, kì í pẹ́ kó tó gbọ́ ìròyìn abẹ́rẹ́. Oríṣi ìròyìn méjì ló sì máa ń gbọ́. Àkọ́kọ́ ń ti ẹnu dókítà oríkèé wá: etanercept, adalimumab tàbí anakinra, àwọn oògùn tí àjọ ìjọba ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì ti fọwọ́ sí. Èkejì ń ti ẹnu àwọn ọlọ́jà orí íntánẹ́ẹ̀tì àti àwọn tó ń gbé irin wá: ìgò kékeré tí lúbúlúbú funfun wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n kọ BPC-157 tàbí KPV sí lára (pẹ́pítáìdì ni wọ́n, ìyẹn ègé purotéènì kéékèèké), tí wọ́n sì fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ ìwádìí nìkan ni ó wà fún, pé kò wà fún lílò ènìyàn. Bí ènìyàn bá gbé ìgò yìí àti ìgò etanercept onílúbúlúbú síwájú ẹni tí kò mọ̀, ó lè máà rí ìyàtọ̀ kankan. Ìyàtọ̀ náà wà nínú ohun mẹ́ta tí mo fẹ́ kí olùkàwé máa bi ara rẹ̀ léèrè jálẹ̀ ìfiwéra yìí: ta ni ó wọn oògùn náà, kí ni ó fi wọ̀n ọ́n, ta ni yóò sì dáhùn bí ìwọ̀n náà bá ṣì?

Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dí lọ́nà

Nínú irú làkúrègbé tí àwọn dókítà ń pè ní rheumatoid arthritis, ètò àjẹsára tó yẹ kó dáàbò bo ara ni ó ń kọjú ìjà sí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú oríkèé. Ọ̀kan lára àwọn ońṣẹ́ tó ń ru ìjà náà sókè ni èròjà tí à ń pè ní TNF. Etanercept, tí àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1998, jẹ́ purotéènì tí wọ́n ṣe ní àwòrán ibi tí TNF máa ń so mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì, tó fi jẹ́ pé TNF yóò so mọ́ oògùn náà kàkà kó dé ibi tí ó ń lọ. Adalimumab, tí wọ́n fọwọ́ sí ní òpin ọdún 2002, jẹ́ antibody, irú purotéènì tí ètò àjẹsára fi ń gbá nǹkan mú, tó ń di TNF kan náà mú. Anakinra, ti ọdún 2001, kò fọwọ́ kan TNF rárá. Ońṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ interleukin-1 ni ó ń dí lọ́nà.

Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí pé etanercept àti adalimumab jọ ń bá TNF jà, a lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì bó ṣe wù wá. Adalimumab ń ṣiṣẹ́ fún àrùn Crohn, èyí tó ń mú ìfun wú, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún uveitis, èyí tó ń mú inú ẹyinjú wú. Etanercept kò ṣiṣẹ́ fún àrùn Crohn. Nítorí náà, ẹni tí oríkèé rẹ̀ ń dùn tí inú rẹ̀ kò sì fara rọ, tí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ń bá a fínra, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó yan abẹ́rẹ́ fún un, nítorí ọ̀rọ̀ ìfun yẹn lè yí ìpinnu padà pátápátá.

Mo tún fẹ́ fi kún un pé methotrexate, oògùn tó ń dín ìjà ètò àjẹsára kù, ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àwọn abẹ́rẹ́ yìí. Owó rẹ̀ kéré sí tiwọn lọ́nà tó jìn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni à ń lò ó, àwọn tó sì ṣèèṣì lò ó lójoojúmọ́ ti kú nípa rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì gbìyànjú rẹ̀ lábẹ́ àbójútó dókítà kò tíì dé ibi tí ìfiwéra yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgò etanercept onílúbúlúbú

Nínú gbogbo àwọn oògùn tí a fọwọ́ sí tí mo ń fi wéra níhìn-ín, èyí ni ó fi iṣẹ́ tó pọ̀ jù lé aláìsàn tàbí nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Lúbúlúbú tó wà nínú ìgò náà jẹ́ mílígíráàmù 25. Omi tí a ó fi pò ó wà nínú páálí kan náà, mìlílítà 1 gééré nínú síríńjì, èròjà benzyl alcohol díẹ̀ sì wà nínú omi náà kí kòkòrò má baà hù níbẹ̀. A kì í fi irú omi yìí gún ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ ọwọ́ yín, tí ẹ sì ti fi òwú onísípíríìtì nu rọ́bà orí ìgò, ẹ ó rọra ti omi náà wọlé. Kò yẹ kí omi ya lu lúbúlúbú náà pẹ̀lú agbára, kò sì yẹ kí a mi ìgò náà bí a ṣe ń mi oògùn ikọ́ ọmọdé, nítorí purotéènì tí a bá mì lágbára a máa hó, ó sì lè bàjẹ́. Ẹ fi ìka di ìsàlẹ̀ ìgò mú, kí ẹ máa yí i po jẹ́jẹ́. Ìhó díẹ̀ yóò hàn lójú omi, kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ó sábà máa ń yọ́ tán kí ìṣẹ́jú 10 tó pé. Nígbà náà ni kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ gaara láìní àwọ̀ kankan. Bí ó bá dàrú, bí ó bá yí àwọ̀ padà, tàbí tí ẹ rí nǹkan tó ń léfòó nínú rẹ̀, ẹ má ṣe lò ó.

Ìṣirò rẹ̀ kò le, nítorí pé ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn náà ló pinnu iye lúbúlúbú àti iye omi. Mílígíráàmù 25 nínú mìlílítà 1 ni, kò yí padà. Ìwọ̀n tí wọ́n ń fún ọmọdé tí kò tó kílò 63 jẹ́ mílígíráàmù 0.8 fún kílò kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ọmọ kan bá wọn kílò 20, mílígíráàmù 16 ni tirẹ̀; bí a bá sì fi 25 pín 16, mìlílítà 0.64 ni a ó fà sínú síríńjì. Níbi yìí gan-an ni ìgò lúbúlúbú ti ta síríńjì alóògùn, èyí tí oògùn ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, yọ, nítorí a kò lè fa díẹ̀ nínú oògùn tí wọ́n ti wọ̀n pa fún àgbàlagbà kí ó sì pé ìwọ̀n ọmọdé. Fún àgbàlagbà tó ń lo mílígíráàmù 50 lọ́sẹ̀, ìgò méjì ni yóò pò, abẹ́rẹ́ méjì ni yóò sì gún, wàhálà tí ẹlòmíràn kò ní fẹ́.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ po oògùn náà sára ìgò. Lẹ́yìn ọjọ́ 14 nínú fíríìjì, ohun tó bá ṣẹ́kù di dídànù, bó ti wù kí owó tí ẹ fi rà á dùn yín tó.

Síríńjì alóògùn àti pẹ́ẹ̀nì

Síríńjì tí wọ́n ti rọ oògùn sí láti ilé iṣẹ́ mú ìpò àti ìṣirò kúrò lọ́wọ́ ẹni. Ohun tó kù ni pé kí a yọ ọ́ kúrò nínú fíríìjì, kí a jẹ́ kí òtútù ara rẹ̀ fò fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 láìṣí ìdérí abẹ́rẹ́, láìsì tì í bọ omi gbígbóná. Lẹ́yìn náà kí a gún un sí awọ iwájú itan tàbí sí ikùn, níbi tó tó sẹ̀ńtímítà 5 sí ìdodo. A kì í gún ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra wọn.

Pẹ́ẹ̀nì tún rọrùn ju ìyẹn lọ. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ pamọ́ sínú, ẹni tí ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà kò ní rí i. Ẹ ó tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ awọ ara ní gígùn, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ ó gbọ́ ìró kan, ẹ ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí fèrèsé ara rẹ̀ yóò fi yí àwọ̀ padà. Bíi ìṣẹ́jú àáyá 15 tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí ènìyàn tètè gbé e kúrò, kí oògùn sì dà sójú awọ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe gún òmíràn dípò rẹ̀ láìbéèrè, nítorí ẹ kò mọ iye tó ti wọlé.

Fún ẹni tí ìka rẹ̀ ti wọ́, pẹ́ẹ̀nì ni mo fara mọ́. Ó nípọn, ó ṣe é fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mú, nígbà tí títi òpó síríńjì wọlé ń fẹ́ agbára àtàǹpàkò tí àrùn náà ti gbà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí pẹ́ẹ̀nì máa ń ta lára ju lè fẹ́ràn síríńjì, torí pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu bí oògùn ṣe ń yára wọlé.

Iye ìgbà tí à ń gún un

Ohun tó ń pinnu èyí ni bí oògùn ṣe ń pẹ́ lára tó. Ìdajì anakinra ti ń kúrò nínú ara láàárín wákàtí 4 sí 6, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gún mílígíráàmù 100 rẹ̀ lójoojúmọ́. Ti etanercept ń gba bí ọjọ́ mẹ́rin, nítorí náà mílígíráàmù 50 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó fún àgbàlagbà tó ní rheumatoid arthritis. Ti adalimumab ń gba bí ọ̀sẹ̀ méjì, mílígíráàmù 40 ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì sì ni ìwọ̀n rẹ̀ fún àrùn kan náà. Fún àrùn Crohn, a máa ń fi èyí tó pọ̀ bẹ̀rẹ̀: 160 lọ́jọ́ kìíní, 80 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó tó wálẹ̀ sí 40. Dókítà ni yóò sọ èyí tó jẹ́ ti yín. Mo kọ wọ́n síbí kí ẹ lè rí i pé ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní ìdí, pé orí ìdánwò lára ènìyàn ni wọ́n gbé e kà.

Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ń súni, awọ ibi tí wọ́n ń gún anakinra sí sì máa ń pọ́n, ó máa ń yún ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí àkóràn bá dé tí ẹ sì dá a dúró, kì í pẹ́ kúrò lára. Adalimumab kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè wà lára fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Ara àwọn kan tún máa ń ṣe èròjà tó ń pa agbára adalimumab, lílo methotrexate pọ̀ mọ́ ọn sì máa ń dín ìyẹn kù.

Ikọ́ ife, mẹ́dọ̀wú àti fíríìjì

Lójú tèmi, apá yìí ni ó yẹ kí ọmọ Nàìjíríà kọ́kọ́ kà. TNF tí à ń dí lọ́nà yìí wà lára ohun tí ara fi ń ti kòkòrò ikọ́ ife mọ́lé nínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí a bá mú un kúrò, ògiri náà lè wó, kí ikọ́ tó ti sùn láti ìgbà èwe jí dìde. Nàìjíríà sì wà lára orílẹ̀-èdè 30 tí àjọ ìlera àgbáyé WHO sọ pé ẹrù ikọ́ ife wúwo lọ́rùn wọn jù. Nítorí náà, àyẹ̀wò ikọ́ ife àti àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú B gbọ́dọ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ etanercept tàbí adalimumab. Bí wọ́n bá rí ikọ́ ife tó fara pamọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ ná. Àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ní Britain fi hàn pé ikọ́ ife ń mú àwọn tó ń lo adalimumab ju àwọn tó ń lo etanercept lọ. Fún ẹni tó ń gbé láàárín àwọn tí ikọ́ ife wọ́pọ̀ lára wọn, tí ìfun àti ojú rẹ̀ kò sì ní àrùn, ìdí yìí nìkan tó kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa etanercept ná.

Àwọn ará wa tó wà ní London tàbí Houston tí wọ́n ń múra àtiwálé ní ti wọn láti rò pẹ̀lú: àjẹsára ibà pọ́njú jẹ́ èyí tí kòkòrò inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, a kì í sì gbà á nígbà tí a bá ti wà lórí àwọn abẹ́rẹ́ yìí. Ẹ bá dókítà sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ òfúrufú fẹ́ gbéra.

Ti fíríìjì ńkọ́? Gbogbo wọn ń fẹ́ ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, wọn kò sì gbọ́dọ̀ di yìnyín. Ìwé etanercept àti adalimumab ti Amẹ́ríkà fi àyè ọjọ́ 14 sílẹ̀ fún wọn níta fíríìjì, ṣùgbọ́n ẹ ka ìlà tó tẹ̀ lé e: ìgbóná yàrá náà kò gbọ́dọ̀ ju 25 lọ. Yàrá tí kò ní amúlétutù ní Ìbàdàn tàbí Èkó kì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni tí iná ọba kò dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ má gbé ọkàn lé àyè ọjọ́ 14 yẹn. Ó sàn kí ó bá ilé ìwòsàn ṣètò pé kí wọ́n máa tọ́jú oògùn náà sọ́dọ̀, kí ó sì máa lọ gún un níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì.

Ìgò pẹ́pítáìdì ìwádìí

BPC-157 jẹ́ amino acid (bíríkì tí a fi ń kọ́ purotéènì) 15 tí a so pọ̀. Ìlú Zagreb ní Croatia ni iṣẹ́ lórí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ Predrag Sikiric àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, ara eku ni ọ̀pọ̀ jù lọ ìdánwò náà sì ti wáyé. KPV kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, amino acid 3 péré, ìrù èròjà alpha-MSH tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ohun tí wọ́n rí lára eku fani mọ́ra, èmi kò sì bá ẹni tí ìrora ti sú jà pé ó fẹ́ gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí wọ́n ti dán an wò lára wọn kò tó nǹkan. Ní ọdún 2022, WADA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró nínú eré ìdárayá, fi BPC-157 sínú àwọn ohun tí eléré kankan kò gbọ́dọ̀ lò. Ní ọdún 2023, FDA fi í sí ìsọ̀rí àwọn èròjà tó lè léwu tí àwọn apòògùn bá ń fi wọ́n po oògùn.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti etanercept, kí á tẹ̀ lé e ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú ti etanercept, omi wà nínú páálí, mìlílítà 1 ni. Nínú ti ìwádìí, ẹni tó rà á ni yóò wá omi, òun ni yóò sì pinnu iye rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìgò méjì tí a kọ nǹkan kan náà sí lára lè di oògùn oríṣi méjì tí agbára wọn kò dọ́gba. Nínú ti etanercept, mílígíráàmù 25 túmọ̀ sí mílígíráàmù 25, nítorí pé àjọ tó lè ti ilé iṣẹ́ náà pa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ti ìwádìí, iyọ̀ àti ọ̀rinrin wà lára ohun tí wọ́n wọ̀n pọ̀ mọ́ pẹ́pítáìdì, kò sì sí ẹni tó fi dandan mú ọlọ́jà láti yọ wọ́n kúrò nínú iye tó kọ. Ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń fi hàn pé ó mọ́ dé ìwọ̀n 99 nínú 100 sì ń sọ̀rọ̀ nípa pẹ́pítáìdì tí ohun mìíràn kò dà pọ̀ mọ́. Kò sọ bóyá kòkòrò wà nínú ìgò náà, kò sì sọ bóyá májèlé tí kòkòrò tó ti kú fi sílẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tó lè fa ibà gbígbóná, kí ó sì mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ lójijì.

Síríńjì gan-an wà lára ìṣòro náà. Èyí tí wọ́n fi ń gún insulin ni àwọn tó ń lo pẹ́pítáìdì máa ń rà, àmì ara rẹ̀ sì jẹ́ ti insulin nìkan: 100 lórí rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú mìlílítà 1. Kò mọ mílígíráàmù, kò sì mọ máíkírógíráàmù, tí 1000 rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù kan. Ní ọdún 2024, FDA kìlọ̀ nípa semaglutide, oògùn àtọ̀gbẹ àti ìsanra, tí àwọn apòògùn pò sínú ìgò: àwọn aláìsàn ń fa ìlọ́po 5 sí 20 ohun tó yẹ wọ́n, nítorí pé àmì ara síríńjì rú wọn lójú, àwọn kan sì dé ilé ìwòsàn nítorí èébì àti inú rírun. Oògùn tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ dáadáa ni semaglutide o. Ti BPC-157 àti KPV kò ní ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún ènìyàn, nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣe ìṣirò rẹ̀ ń fi nọ́ńbà tí kò dájú pín nọ́ńbà mìíràn tí kò dájú. Ìdí nìyí tí n kò fi ní kọ ìwọ̀n kankan fún wọn síbí.

Ohun kan tún kù tó ń kọ mí lóminú. Lára ẹranko, BPC-157 máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù, irú iṣan bẹ́ẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ fi ń jẹun. Wọn kò tíì tẹ̀ lé àwọn tó ń lò ó fún ọdún tó pọ̀ tó láti mọ ibi tí ìyẹn yóò já sí.

Bí mo ṣe máa yàn

Fún àgbàlagbà tí methotrexate kò tó fún mọ́, tí kò ní àrùn ìfun tàbí ti ojú, etanercept nínú pẹ́ẹ̀nì tàbí síríńjì alóògùn ni ó yẹ kó bá dókítà gbé yẹ̀ wò ná. Fún ọmọdé tó fúyẹ́, ìgò lúbúlúbú kan náà, lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Fún ẹni tí oríkèé àti ìfun rẹ̀ jọ ń wú, adalimumab; àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe ti pọ̀ báyìí, wọ́n sì ti mú kí owó rẹ̀ wálẹ̀, àjọ WHO sì ti fi adalimumab sínú àkójọ àwọn oògùn kòṣeémánìí láti ọdún 2019. Ní Nàìjíríà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, kí ẹ sì bi apòògùn léèrè bí ó ṣe rìn láti ibùdókọ̀ òfúrufú dé orí káńtà rẹ̀. Pẹ́pítáìdì ìwádìí kò sí nínú ohun tí mo lè yàn fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún un kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìtìjú mú kí ó fi pamọ́ fún dókítà. Kí ó dá a dúró, kí ó mú ìgò náà, omi tó fi pò ó àti síríńjì tó lò dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì sọ iye tó ti gún àti ọjọ́ tó gún un kẹ́yìn. Bí ibi tó gún sí bá ń pọ́n sí i tí ó sì ń gbóná, bí ibà bá dé pẹ̀lú òtútù, tàbí bí ètè àti ojú bá wú tí mímí sì nira, kí ó má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ ọn jù lọ ni kí wọ́n gbé e lọ ní wàrà-ǹ-ṣeṣà.